Àkísà Pupa Lára Apẹ̀rẹ̀ Máńgòrò

Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Ṣakí, lójú ọ̀nà oko. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tí oòrùn bá ti mú débi pé ìṣirò ò wọ ọmọ kankan létí mọ́, mo máa ń kó wọn lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè tí èmi fúnra mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ta ni ọ̀rẹ́? Oore tí wọ́n fi ipá múni ṣe, ṣé oore náà ni? Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní iṣẹ́ ni mò ń sá fún. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí, torí kò sí ìgbà mìíràn tí àwọn ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin Fúlàní kan wà láàárín wọn. Gáà wọn ò jìnnà, ìyá rẹ̀ sì ń ta wàrà. Ojoojúmọ́ ló ń di wàrà méjì wá, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ ọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì ni mo máa ń nàka sí.

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé báwo ni èèyàn ṣe ń fọkàn tán ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan ní ìyá àgbà òun máa ń to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà oko, á fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti fi iye tó ń tà á hàn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rà á á fi owó sílẹ̀. Ó ní ìyá àgbà òun fọkàn tán gbogbo èèyàn. Mo ti fẹ́ máa yìn ín nígbà tí ọmọ Fúlàní yìí nawọ́. Ó ní òun mọ iṣu náà. Wọ́n so àálè mọ́ ọn, àkísà pupa àti òòyà tó ti kán, kí nǹkan burúkú lè ṣe ẹni tó bá jí i.

"Àǹtí, ta ni wọ́n wá fọkàn tán? Ṣé ẹni tó ń kọjá ni àbí àkísà?"

Ká ní mo fi í mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n orí mi wú, mo ní ká dán an wò. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé apẹ̀rẹ̀ máńgòrò sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì láìso nǹkan kan mọ́ ọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kan olúkúlùkù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí a ó fi jọ pín in nígbà tí a bá fẹ́ lọ sílé.

Nígbà tí a fi máa pín in, kò kárí.

Ọmọkùnrin tó sọ ti iṣu ìyá àgbà rẹ̀ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní màálù jẹ àgbàdo àwọn lọ́dún tó kọjá. "Bàbá mi ní àwọn Fúlàní kì í bi ẹni tó ni nǹkan kí wọ́n tó jẹ ẹ́." Kò pariwo, ó kàn sọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń sọ ohun tó gbọ́ nílé. Ni gbogbo ojú bá yí sí ọmọbìnrin náà. Mo ní kò sẹ́ni tó rí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọra ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún títí ó fi dé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì.

Inú bí mi gan-an. Mo bínú sí ọmọkùnrin náà, mo bínú sí bàbá rẹ̀ tí n kò rí rí, mo sì bínú sí ara mi. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba gbogbo wa lójú ọ̀nà nísinsìnyí. Èmi náà ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi nílé pé kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tó mú máńgòrò, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ó lè jẹ́ ewúrẹ́ pàápàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn yòókù tó dé. Ó la ọwọ́ rẹ̀. Àkísà pupa ló wà níbẹ̀, ó jọ pé ara aṣọ àgbà kan ló ti ya á.

"Àǹtí, ẹ bá mi so ó mọ́ apẹ̀rẹ̀. Tí nǹkan bá tún sọnù, tí nǹkan kan ò sì ṣe mí, wọ́n á mọ̀ pé èmi kọ́."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi rọ́pò àkísà náà fún un? Mo kó máńgòrò mìíràn sínú apẹ̀rẹ̀, mo so ó.

Lọ́jọ́ náà, máńgòrò kárí. Àwọn ọmọ ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sún padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà tú wàrà rẹ̀, ó fún un ní ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti gbé báàgì rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, títí sáà náà fi parí, kò gbé e kúrò níbẹ̀.