Ẹja Màkún-Omi

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Àtìkòrí ti jẹ ẹja gbogbo omi tí kò rí rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti àjò dé nínú ẹbí wa, ìpín tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀. Ẹja gbígbẹ láti Màkún-Omi, ìlú etí omi, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bùn náà, nítorí ó mọ̀ ọ́n jẹ. Wọn á gbé e síwájú rẹ̀, wọn á ní, "Màmá, ẹ̀bùn àjò yín rèé." Á gbà á, á ṣàdúrà fún wọn, á sì tún kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń yí ẹ̀rọ náà, torí pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré.

Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pè é. Ìjẹ̀bú ni wá, òun gan-an kò sì fẹ́ràn "wọn". Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun pọ̀.

Bó bá ti fẹnu bà á pé ó wu òun náà kí òun lọ sí àjò, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ òwe: àjò kì í dùn kónílé má relé. Òwe yẹn máa ń bí mi nínú bí wọ́n bá pa á sí i létí. Òun náà kì í gbà á. Á ní, "Ẹni tó ti lọ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ, kí n wá sọ fún yín bóyá ó dùn."

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn tó fẹ́ máa mú àlejò rìnrìn àjò afẹ́ ni mò ń kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò lè rìn, ẹni tí kò ríran, arúgbó tí orúnkún ń dùn, gbogbo wọn layé wà fún, àti pé ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò ló gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà fún wọn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì gba máàkì rẹpẹtẹ lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo wá ní kí wọ́n ṣètò ìrìnàjò ọjọ́ kan lọ sí Màkún-Omi, kí àlejò wọn sì jẹ́ ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Aṣojú kíláàsì, ọmọ Ìbàdàn kan tó mọ ìwé dáadáa, ló béèrè pé, "Mà, níbo la ti máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo mọ ẹnì kan.

Inú ẹ̀gbọ́n ìyá mi dùn débi pé ó rán hìjáàbù tuntun, aláwọ̀ ìyeyè, kí omi lè rí òun láti ọ̀ọ́kán. Ohun kan péré ló fi dè mí mọ́lẹ̀. "Mi éè fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọ̀n mí," ló wí. "Gbogbo èwe mi ni wọ́n fi pọ̀n mí kiri. Ibi yòówù kí wọ́n gbé mi dé, ẹ̀yìn ọrùn èèyàn ni mò ń wò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa pọ̀n mí dé Màkún, kí wọ́n kúkú fi mí sílé." Mo ṣèlérí fún un.

Nínú bọ́ọ̀sì, ojú fèrèsé ló wà. Orúkọ gbogbo abúlé tí a kọjá ló ń béèrè, bí mi ò bá sì mọ̀ ọ́n, á wò mí bíi pé mo jí owó ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi.

Ibi tí mò ń bẹ̀rù ni èbúté Màkún-Omi. Pákó tí a máa gbà dé ìdí ọkọ̀ tóóró, kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ kò lè gba orí rẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń fì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wojú ara wọn. Aṣojú kíláàsì bá wá sí iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ bá wa jókòó sábẹ́ ibòji yìí. A ó ya fọ́tò gbogbo ibẹ̀ fún yín, a ó sì ra ẹja bọ̀."

Ẹja! Ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi rọ bí ewé tí oòrùn pa. Mo ti la ẹnu, gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ló sì mọ irú ẹnu tí mo ní, àmọ́ ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. Atukọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun pọ̀n wọ́n, kò ní pẹ́ rárá.

"Ìwẹ, dìde, lọ di ọkọ̀ rẹ mú dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ fún un. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ̀yin, ẹ dúró dè mí. Mi éè fẹ́ nǹkan mìíràn."

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́, ó tẹ́ ìró sábẹ́ ìdí, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ara rẹ̀ lórí pákó náà. Ó lọ́ra. Oòrùn mú. Àwọn ọmọ ìlú pé jọ, wọ́n ń wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ sáré lọ gbé e, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà.

Nígbà tó dé àárín pákó, ó dúró láti mí. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyí éè tíì kúrò nílé, wọ́n ti rí i!"

Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Atukọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ mọ́ pákó, ẹ̀gbọ́n ìyá mi di etí ọkọ̀ mú, ó ní "Bismilaahi," ó sì gbé ara rẹ̀ sínú ọkọ̀. Iwájú pátápátá ló jókòó. Kò sí ẹ̀yìn ọrùn ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, omi nìkan ni. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sì yọ ọ́ títí a fi padà sí èbúté. Aṣojú kíláàsì ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó di ọkọ̀ mú, ó sì dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ṣa ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, tó ń tẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

A dé Àtìkòrí lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Ìyá mi, tí wọ́n jọ ń gbé, ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ìyá mi méjèèjì le koko, òun ló sì máa ń pa òwe àjò yẹn jù. Kò dé Màkún-Omi rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tú àpò ẹja, ó mú èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ó nà án sí i.

"Ẹ̀bùn àjò rẹ rèé," ló wí.

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ṣàdúrà fún un.