Ó Ti Gba Iná

Títí di òní, bí òórùn omi fùfú bá kan imú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí n wo ibi tí kọ̀ǹpútà mi wà. Àwọn tó mọ̀ mí nísinsìnyí rò pé ìmọ́tótó ló ń yọ mí lẹ́nu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ilé wa ní Ìgàndò ló sì ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún tí mo fẹ́ jáde yunifásítì.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni mo ní nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló lò ó kó tó fún mi, ẹlòmíràn sì ti lò ó kó tó kan ẹ̀gbọ́n mi. Bọ́tìnnì lẹ́tà 'a' ti yọ lára rẹ̀ bí eyín arúgbó, ihò rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀. Inú ẹ̀rọ yìí ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo máa fi gboyè wà. Ìpajẹ ni mo kọ nípa rẹ̀, ìyẹn bí fáwẹ́lì kan ṣe máa ń gbé èkejì mì nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ kíá: a fẹ́ sọ pé 'ra ẹja', ẹnu wa á ní 'rẹja', a fẹ́ sọ pé 'wá ọ̀nà', ó di 'wọ́nà'. Mo máa ń dúró sí ibùdókọ̀ ní Ìkòtún, màá dijú bí ẹni tó rẹ̀, màá sì máa kó ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń gé jẹ. Èmi fúnra mi kì í sọ̀rọ̀ kíá, n kì í sì í pariwo. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ilé bá ń wó lé mi lórí, màá kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń rìnrìn àjò. Bí òun kò bá rí iṣẹ́ mi gbà kí òun tó wọ bàálù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí n yáa gbà pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ti parí, ó kù kí n fi ránṣẹ́ ni. Mo tẹ kọ̀ǹpútà, kò dáhùn. Mo tún un tẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lórí fláàṣì mi, ṣùgbọ́n orí kẹrin àti ìkarùn-ún, inú òkú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n wà.

Mo ní kí n má bẹ̀rù, kí n ronú. Mo ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná kékeré ara ṣájà tàn, mo ní ṣájà kò lẹ́bi. Mo fi fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, òun náà kò lẹ́bi. Mo yọ bátìrì, mo di bọ́tìnnì mú pẹ́, mo dá bátìrì padà. Bí adájọ́ ni mo ń dá àwọn afurasí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sẹ́ni tó lẹ́bi mọ́, síbẹ̀ òkú wà nílẹ̀.

Bàbá télọ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó ń gba iná?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn, sà."

"Bí kò bá gba iná, òróró ló ń fẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi yìí, òróró nìkan ló gbọ́. Ṣé kí n kán díẹ̀ sí i?"

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Irú ẹ̀rọ yìí kì í mu òróró."

"Ẹ̀rọ wo ni kì í mu òróró, jàre? Àbí nítorí ó lọ sílé ìwé?"

Ìyá mi ń kọjá lọ sẹ́yìn ilé níbi tó ti rẹ pákí fún fùfú. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tó ń gbóná lójoojúmọ́ bí ẹni tí ibà ń ṣe, ṣé kò yẹ kó sùn?

Ó sùn lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò jí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún. Ó tú ìdí rẹ̀ wò, ó tún un dé, ó ní, "Bọ́ọ̀dù ti lọ."

"Kí lẹ fi mọ̀, ẹ̀gbọ́n?"

Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀. "Kọ̀ǹpútà rẹ kú, o ń béèrè ẹ̀rí. Ṣé ìwé ẹ̀rí ikú lo fẹ́ kí n kọ fún ẹ ni?"

Mo gbé òkú mi wálé. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, kì í ṣe pé mo nírètí, ọwọ́ ló ti mọ́ mi lára. Ọ̀sán ti ń pọ́n. Inú bí mi, mo bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ mi, mo sọ ọ́ sórí tábìlì. Sálúbàtà náà yọ̀ lọ sábẹ́ okùn ṣájà, ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀. Iná pẹ́ńpẹ́ kan tàn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo tẹ bọ́tìnnì, ojú rẹ̀ là.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, "Ó ti gba iná!" Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti ahọ́n mi síwájú, ohun tí gbogbo àdúgbò gbọ́ ni, "Ó ti gbiná! Màámi, ó ti gbiná o!"

Bó bá ṣe pé aláriwo ni mí, bóyá wọn ì bá kọ́kọ́ bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kì í pariwo bá figbe ta pé ó ti gbiná, ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé? Ìyá mi ya wọlé pẹ̀lú agbada omi tó ti ń rẹ pákí. Bàbá télọ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó dà? Iná ọ̀hún dà?"

Mo rí i tí agbada ń gòkè. Kò sí àyè láti ṣàlàyé ìpajẹ. Mo fi àyà bo kọ̀ǹpútà, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi. Omi fùfú bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí mi, ó dé bàtà kan ṣoṣo tó kù lẹ́sẹ̀ mi.

Bàbá télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ó dà bíi pé iná ti kú."

"Kò gbiná, mà," ni mo wí. "Ó gba iná ni."

Ìyá mi wo ojú kọ̀ǹpútà tó ń tàn, ó wo agbada òfìfo. "Gbogbo ọdún tí mo fi rán ẹ nílé ìwé kí o lè mọ ọ̀rọ̀ ẹnu pè, ibi tó já sí rèé?"

N kò lè mira, kí omi má bàa kán sórí kọ̀ǹpútà. Bàbá télọ̀ fi aṣọ aláṣọ nù mí lọ́wọ́. Ìyá mi di sálúbàtà yẹn mú lábẹ́ okùn ṣájà bí ẹni gbé orí ìkókó, ó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mí. Kí n tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, mo ṣí orí kẹrin, mo fi àpẹẹrẹ kan kún un: gba iná, gbiná. Mo kọ ọ́ sí i pé èyí lè fa àṣìgbọ́. Ìdáhùn olùkọ́ mi wọlé láti pápákọ̀ òfurufú: "Mo ti rí i."

Nígbà tí mo wá gbèjà iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́, obìnrin tó darí iṣẹ́ mi béèrè ibi tí mo ti rí àpẹẹrẹ yẹn. Mo ní, "Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lára, mà." Ó rò pé àwàdà ni.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà títí di òní pé sálúbàtà ló jí ẹ̀rọ náà. Bàbá télọ̀ ṣì gbà pé òróró ni ì bá tètè jí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì ti mọ bó ṣe ń rùn bó bá fọ́. Kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo ń lò báyìí, ó ń jí láìrojọ́. Síbẹ̀, bí ìyá mi bá pè mí láàárọ̀, kó tó béèrè bóyá mo ti jẹun, á béèrè bóyá kọ̀ǹpútà mi ti gba... iná. Á dúró díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò ní jẹ́ kí ìkan gbé ìkejì mì. Èmi náà á rọra dá a lóhùn pé ó ti gba... iná, mà. Nínú ìdákẹ́ kékeré yẹn, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé mì.