Amọ̀ Tó Gbé Tẹjú Dé Lọ́ńdọ̀n

Keziah, ọmọ akọ̀wé rélùwéè kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jos, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní iṣẹ́ ọnà ní Nasarawa Gwong. Tó bá kan àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbàlódé, ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. A ròyìn Ben Enwonwu tó mọ ère Ṣàngó, a wá bọ́ sórí El Anatsui tó ń so ìdérí ìgò pọ̀ títí yóò fi dà bí aṣọ ọba. Kì í dárúkọ Tẹjú láé.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ Tẹjú, ayàwòrán tó lókìkí. Òun àti Keziah ni wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ ń ya àwòrán sára ògiri ilé bàbá Keziah. Keziah ló kọ́kọ́ po amọ̀ pupa Jos mọ́ gọ́ọ̀mù, tó fi ya àwọn àpáta. Nígbà tó yá, Keziah lọ sílé ọkọ, Tẹjú gba Èkó lọ, ó ń fi amọ̀ pupa yẹn yàwòrán, amọ̀ náà sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀n. Bí àwòrán Tẹjú bá yọ lórí fóònù, inú a bí Keziah. A sọ fún Gideon ọkọ rẹ̀ pé, “Olè ni.”

Lọ́dún yìí, Tẹjú wá ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Jos, nítòsí Tina Junction. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Keziah kó àwọn ọmọ lọ. Ó lọ, ó sì ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ lójú gbogbo ayé sẹ́nu.

Àwòrán tó tóbi jù lọ ló kọ́kọ́ rí: ọmọbìnrin méjì láàárín àpáta, ọwọ́ wọn nínú amọ̀. Ó wá ibi tó ti lè bẹnu àtẹ́ lù ú, kò rí. Ìgbà náà ni Tẹjú dìde, ó kí àwọn èèyàn ní Hausa, ó ní, “Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi amọ̀ yìí yàwòrán. Keziah ni. Òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Keziah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn olè yẹn nìkan ló ti dì mú láti ọjọ́ yìí.

Tẹjú wá dì í lọ́wọ́ mú. “Keziah, kí ló dé tó ò yàwòrán mọ́?”

Keziah ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni kì í jẹ́ kóun ráyè. Irọ́ ni.

Nígbà tó délé, Gideon bi í bóyá ó sọ ohun tó fẹ́ sọ.

“Mi ò sọ ọ́. Kì í ṣe olè.”

“Ṣé ọkàn ẹ ti wá balẹ̀ báyìí?”

“Rárá. Ó tún wá dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Angwan Rogo, ó ní kí káfíńtà kan bá òun kan férémù àwòrán, èyí tó tóbi ju ti Tẹjú lọ. Owú ló gbé e débẹ̀, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Kò lo amọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó ń tọ Tẹjú lẹ́yìn. Èédú ló fi ya bàbá rẹ̀, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Gideon wò ó títí, ó ní ó dára gan-an.

“Ṣé ó dára ju ti Tẹjú lọ?”

Gideon ní ó jọ pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, ó sì bọ́ síta.