Góòlù Ọládiípọ̀

Ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí káàkiri ara ni wọ́n ń pè ní ajere. Bí ẹ bá da omi sí i, ẹ kàn ń fi omi ṣòfò ni. Orúkọ tí gbogbo Ìkọ̀lé fún ọkọ mi nìyẹn, odidi ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi pè é. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní díbọ́n fún ẹnikẹ́ni.

Adéoyè ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá náà, ìyá rẹ̀ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àwọn méjèèjì kì í bá ènìyàn jà. Bóyá ibẹ̀ ni ọkọ mi ti mú sùúrù tó máa ń bí mi nínú yẹn. Ó ga, apá rẹ̀ gùn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìkọ̀lé, kò sì sí aṣọ́lé tó dà bíi rẹ̀ láti ibí dé Ayébọ̀dé. Kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ ẹ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo kàn máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù ni.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1998, Ìkọ̀lé àti Ìdó pàdé nínú àṣekágbá. Eré ti ń lọ sópin, ẹnì kankan ò tíì jẹ góòlù. Bọ́ọ̀lù kan fò wá láti ẹ̀gbẹ́. Adéoyè fò sókè láti mú un. Ọládiípọ̀ tó ń gbá iwájú fún Ìdó náà fò sókè, ó na ọwọ́ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ara rẹ̀, ó sì fi ti bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ̀yìn wọn ni rẹfirí wà, ó rò pé orí ló fi kàn án, ó sì fun fèrè. Adéoyè sáré tọ̀ ọ́ lọ, ó ní ọwọ́ ni. Rẹfirí ní kó padà sáàyè rẹ̀. Bí Ìdó ṣe gbé ife lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀ ká ní àwọn ará ilé wa gbà á gbọ́. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù bá já mọ́ lọ́wọ́ kò ní ṣàì wá àwáwí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ajere. Nígbà tí a ń ṣe ìdána, alága ìjókòó pè mí ní Ìyàwó Ajere níwájú àwọn òbí mi, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń payín keke nínú. Nígbà tí Tóbi ọmọ wa wọ ilé ìwé, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́jọ́ eré yẹn ń pè é ní ọmọ Ajere.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run lè fi dán ènìyàn wò. Ọládiípọ̀ fẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé, ó kó wá sí ìlú wa, ó sì ṣí ilé gémù sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ọkọ mi ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò sí ọjọ́ tí Ọládiípọ̀ máa kọjá tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ajere, o kú uṣẹ́ o. Ṣé o ti dí ihò yẹn?"

Ọkọ mi á dáhùn pé òun kí i. Èmi á ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 2007, Ọládiípọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti rí i ní Adó pé àwọn kan ń tú gémù bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà palẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ àti aṣọ ẹgbẹ́ ìlú tiwọn rọ́pò tàwọn òyìnbó. Irú rẹ̀ ló fẹ́: Ìkọ̀lé, Ìdó, Ìrè, gbogbo wọn. Ó tún fẹ́ kí ọkọ mi pààrọ̀ fíìmù kékeré tí gémù náà máa ń fi hàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

"Góòlù mi ni kó o fi síbẹ̀," ó ní. "Èyí tí mo jẹ ọ́ yẹn. Kí àwọn ọmọ yìí lè mọ ẹni tí mo jẹ́ nínú ùlú yìí."

Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan kalẹ̀. A mọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú rẹ̀. Wọ́n ti dà á kọ láti orí ọ̀kan sí òmíràn títí àwòrán fi di kùrukùru. Orí, ọwọ́ àti bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ti pò mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi láyà láti máa gbé e kiri. Ó mọ̀ pé kò sí ojú tó lè rí ọwọ́ òun nínú rẹ̀.

"Màá ṣe é," ni ọkọ mi wí.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi lù ú. Ìgbà tí Ọládiípọ̀ jáde tán ló tó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Tóbi, kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú kámẹ́rà gan-an lọ́jọ́ náà kò ní kùrukùru." Mo ti fẹ́ràn ọkọ mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé inú ń bí òun náà bíi tèmi.

Festus ló ya fídíò eré náà. Ó ti fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó ti padà sí Ìrè, iṣu ló ń gbìn. A gun ọ̀kadà lọ bá a. Ó wọlé lọ tú àpótí, ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì kan jáde tó fi ọ̀rá dì dáadáa.

"Ọmọ rẹ̀, èyí tí mo dà kọ, ni mo fún àwọn ará Ìdó," ó ní. "Ìyá rẹ̀ rè é. Ẹ mú un lọ ulé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dà á kọ kiri."

Nígbà tí ọkọ mi gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ Ọládiípọ̀ hàn kedere, tòun ti okùn dúdú tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo pariwo. Ọkọ mi kò pariwo. Ó ní iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, nítorí gémù náà kì í gba fíìmù bó ṣe wá. Irú fáìlì kan ṣoṣo ló ń gbà, fáìlì náà ò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ yí fíìmù náà padà, ọwọ́ pòórá. Ohun tó kù níbẹ̀ ni àwọn onígun-mẹ́rin kéékèèké bíi táìsì bálùwẹ̀. Ó ní bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ dín fíìmù kù, ohun tó bá rò pé kò ṣe pàtàkì ló máa ń jù nù. Ọwọ́ yẹn ló wá kọ́kọ́ jù nù. Mo ní ará Ìdó ni kọ̀ǹpútà náà.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í lójoojúmọ́ nígbàkígbà tí iná bá wà. Ó rí i pé òun ń yí fíìmù náà padà láti irú kan sí òmíràn kó tó dé inú gémù, ìyípadà kọ̀ọ̀kan sì ń bù jẹ lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó kó o wọ kọ̀ǹpútà láti inú kásẹ́ẹ̀tì láìdín ohunkóhun kù, ó sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan péré. Kò fẹ àwòrán náà ju bó ṣe wà lọ. Níbi tí ọwọ́ ti ń yára, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gé e bí eyín òòyà, nítorí pé ìdajì ìdajì ni irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ máa ń ya àwòrán. Ó wá ọgbọ́n tó fi mú àwọn ìlà náà kúrò.

Lẹ́yìn náà, ó gé fíìmù náà kúrú. Ọládiípọ̀ ti ní kó fi gbogbo ijó àti ayọ̀ ẹgbẹ́ Ìdó sí i. Ọkọ mi ní ìwọ̀n fáìlì kan ṣoṣo ni gémù fún òun. Bí òun bá pín in fún ijó, kí ló máa kù fún ọwọ́? Fífò yẹn nìkan ló fi sílẹ̀, gbogbo ìwọ̀n náà sì di tirẹ̀. Nígbà tó tún un yí padà, ọwọ́ náà padà dé, tòun ti okùn dúdú rẹ̀.

A gbé e lọ sí ilé gémù. Mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, nítorí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹ̀tẹ́ ọkùnrin náà. Ọmọ kan tan gémù. Pápá hàn, orúkọ Ọládiípọ̀ jáde gàdàgbà, ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì, fíìmù ti lọ. Ọmọ mìíràn jókòó, òun náà tẹ bọ́tìnnì. Títí tí mo fi dìde, kò sí èyí tó jẹ́ kí Adéoyè fi ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń rà níbẹ̀, ta ni yóò fi ìṣẹ́jú rẹ̀ wo fíìmù? Àwa tí a ń gbé inú ìlú yìí, tí a bímọ síbẹ̀, a ò ro ìyẹn rárá. Ọládiípọ̀ alára kò rí ju orúkọ rẹ̀ lọ, ó sì ń yọ̀ kiri.

Mo sunkún nígbà tí mo délé, ẹkún ìbínú ni. Bí mo ṣe ń sunkún ni mo rántí bí Tóbi ṣe gba ife lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, tó fi ariwo pè wá láti ilé ìdáná pé ká wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé ife fún òun. Ọmọ tó bá gba ife kì í tẹ bọ́tìnnì. Á wò ó dópin, á tún pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó.

"Gbé e lọ síbi ife," mo sọ fún ọkọ mi.

Ó rọra rẹ́rìn-ín. Ó lọ sọ fún Ọládiípọ̀ pé irú góòlù bẹ́ẹ̀ yẹ níbi tí wọ́n ti ń gbé ife. Ọládiípọ̀ ní àyè rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, torí kò mọ gémù náà gbá débi tó fi máa gba ife.

Òun náà ló kéde ìdíje. Àwọn ọ̀dọ́ gun ọ̀kadà wá láti Ìrè àti Ìrèlé, ilé gémù kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùkúnmi, ará Ìrèlé, ló na gbogbo wọn. Ọládiípọ̀ ní kí gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n wá wo góòlù òun. Ó dúró ti tẹlifíṣọ̀n, ó ń nàka sí i.

Adéoyè fò. Ọládiípọ̀ fò. Ọwọ́ òsì jáde, ó ti bọ́ọ̀lù wọlé.

"Ọwọ́ ni," ni Bùkúnmi wí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní kí wọ́n tún un fi hàn. Wọ́n tún un fi hàn. Mo rí Ọládiípọ̀ tó ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ àpò. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àánú rẹ̀ lè ṣe mí. Kò ṣe mí. Mo wo ojú rẹ̀ ní àwòyó.

Láàrin ọ̀sẹ̀ náà, àwọn àgbà tó ń pe ọkọ mi ní Ajere ti ń pè é ní Adéoyè. Ẹni tó kọ́ ẹgbẹ́ wọn ní bọ́ọ̀lù nígbà náà wá sílé, ó tọrọ àforíjì. Ní tàwọn ọmọ, bí Ọládiípọ̀ bá ń kọjá, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n á fò. Kò lè pa gémù náà rẹ́, torí òun ló ń mú èrò wọ ilé rẹ̀, kò sì mọ ibi tí fíìmù wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kan ilẹ̀kùn wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti oúnjẹ. Ó jókòó sí etí àga.

"Bàbá Tóbi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fíìmù yẹn kúrò. Ọmọ mi ti ń bi mí léèrè."

Ọkọ mi gbé òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì kó tó dáhùn.

"Ì bá wù mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá tún fọwọ́ kàn án, àwòrán yẹn á bàjẹ́. Ẹ sì rí i bó ṣe mọ́."

Ọládiípọ̀ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó dìde, ó ní ká kú ulé, ó sì lọ.

Irọ́ ni. Mo mọ iṣẹ́ ọkọ mi dé ààyè kan. Iyán iwájú rẹ̀ yẹn kò ní tíì tutù tí á fi yọ ọ́ tán. Mo fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀.