Dúrọ́ọ̀mù Omi Gbígbóná Ìyá Mi

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n wá fi ọkọ́ ṣe kálàmù. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè jórinjórin tó mọṣẹ́ jù ní Ṣakí, láti inú ọjà títí dé ọ̀nà Àgọ́-Àmọ́dù, ilé mi ni wọn ó júwe fún yín. Kò sí irin tó le tí mi ò lè tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù yìí fi ń bí mi nínú títí dòní.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe omi gbígbóná tó ń gba inú páìpù wọ balùwẹ̀ ní àdúgbò wa. Nítorí ìyá mi ni mo ṣe ṣe é. Làkúrègbé ti mú un lórúnkún méjèèjì, tí ọyẹ́ bá sì ti dé, omi àlùwàlá àsùbáà a máa gé e lọ́wọ́ bí abẹ. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Mo ra dúrọ́ọ̀mù irin kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tà á lẹ́bàá títì, mo jó ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn, mo ṣe ibi ìdáná sábẹ́ rẹ̀. Mo jó orí rẹ̀ pa, ẹnu kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo fi sílẹ̀, ibẹ̀ la ń gbà rọ omi sí i. Páìpù jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, ó la ògiri kọjá. Ìyá mi á kàn ṣí ẹ̀rọ ni, omi gbígbóná á máa dà. Àwọn èèyàn ń wá wò ó. Èmi fúnra mi ò fi wẹ̀ rí o. Omi tútù lèmi fi ń wẹ̀, nínú ọyẹ́ gan-an.

Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀ ni mo tú ààrò ẹ̀yìnkùlé ká, tí mo sì gbé ìkòkò dúdú tí ìyá mi fi ń se àgbo ìwẹ̀ sọ sí ààtàn. Mo ní ayé ìkòkò ti kọjá. Ìyá mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìdùnnú ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nínú ọyẹ́ kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tín-ín-rín lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo wọ balùwẹ̀ lọ wò ó, ó pọ́n bíi pé wọ́n po amọ̀ sínú rẹ̀. Mo ní dúrọ́ọ̀mù ló ń dógùn-ún. Ìyàwó mi ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ti jágbe mọ́ ọn kó tó la ẹnu.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá ọlọ́jà dúrọ́ọ̀mù, mo bú u lójú gbogbo ayé pé irin jíjẹrà ló tà fún mi. Ó ní ẹnikẹ́ni ò dá dúrọ́ọ̀mù padà fóun rí. Mo ní èmi ni mo máa kọ́kọ́ dá a padà, màá sì sọ ọ́ lé e lórí. Ó rẹ àwọn tó ń là wá. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, mo ra páìpù tuntun, èyí tó nípọn jù. Mo yọ ti tẹ́lẹ̀, mo fi tuntun sí i, omi tú yàà. Mo pe àwọn ará àdúgbò wá wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún dí.

Omi tútù ni ìyá mi fi ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ikọ́ sì dé. Ẹni tó sọ ọ́ fún àbúrò mi tó ń gbé ní Ìbàdàn, mi ò mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù, ó kí mi bí ọmọlúàbí, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, hítà tó ń mú omi gbóná wà lára ògiri balùwẹ̀ mi, ká kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Tó bá di Jímọ̀, màá wá gbé Ìyá."

Ó fẹ́ wá gbé Ìyá, bí ẹni wá gbé àga! Kí ìyá kúrò nílé àkọ́bí lọ sílé àbúrò, nítorí omi ìwẹ̀. Kí ni wọn ó máa sọ ní mọ́ṣáláṣí? Pé jórinjórin tó ṣe géètì fún gbogbo ìlú ò lè mú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo pa iná, mo fi ẹ̀rọ ìgérin la orí dúrọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ mọ́, kò dógùn-ún rárá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, epo igi ọ̀gánwó àti ewé ti ki mọ́ra bí ìtẹ́ ẹyẹ, wọ́n dí ẹnu páìpù pinpin. Mo mọ òórùn yẹn láti kékeré. Òórùn àgbo ìyá mi ni.

Mo jágbe pe ìyàwó mi. Mo ní ṣé ó fẹ́ sọ mí di ẹni ẹ̀sín ni. Ó ń wolẹ̀. Ìyá mi ló fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo ń rán an gòkè lọ da àgbo mi síbẹ̀. Èmi náà ni mo ní kó má sọ fún ọ."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò fi sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo dákẹ́ tí n bá fi sọ? O da ìkòkò mi nù, o ò bi mí. Omi gbígbóná lásán, omi tí a fi ń fọ abọ́ ni. Epo igi ló ń wọ eegun."

Mo ní kó wọ eegun, kó má ṣáà wọ páìpù. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, inú tún bí mi.

Pẹ̀lú ìbínú yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi rọ̀. Mo ṣe ìdérí ńlá tó ṣeé ṣí sórí dúrọ́ọ̀mù, mo fi asẹ́ irin sẹ́nu páìpù. Mo wá tẹ irin róbótó kan, mo jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, kí iná kan náà lè máa gbé ìkòkò. Mo ní n ó lọ ra ìkòkò tuntun. Ìyàwó mi wọ ẹ̀yìn àká, ó gbé ìkòkò dúdú yẹn jáde. Ọjọ́ tí mo jù ú nù ló ti lọ gbé e láàtàn. Ẹ̀rù mi ni ò jẹ́ kí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá mi ti wẹ̀, ó ti fi òrí para, ó jókòó síta. Àbúrò mi ní kí wọ́n máa lọ.

"Hítà tìrẹ yẹn," ni Ìyá wí, "ṣé ó ń se epo igi?"

Ó ní rárá, ṣùgbọ́n dókítà wà nítòsí òun.

"Ó dáa. Jẹun kó o tó lọ."

Mo fẹ àyà. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí i. Ìyá mi wá nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìkòkò mi ló dá mi dúró o. Kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Láti ọjọ́ náà, dúrọ́ọ̀mù ò dí mọ́, torí oṣooṣù ni mò ń ṣí i fọ̀. Tí mo bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́jà yẹn kọjá, á bi mí bóyá dúrọ́ọ̀mù mi ti dógùn-ún tán. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Gbogbo àlejò tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé ìkòkò ló dá òun dúró. Ta ló jó irin tí ìkòkò jókòó lé? Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn.