Ọmọ Tí Ayọ̀ Ń Wó Lulẹ̀

Ọmọbìnrin mi lè sùn lórí ìdúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti sùn nínú bọ́ọ̀sì láti Rush Green ní Lọ́ńdọ̀nù níbí títí dẹ́rẹ́bà fi jí i níbi tí bọ́ọ̀sì ń parí sí. Ó ti sùn pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu. Àwọn tíṣà rẹ̀ ní fóònù ni kì í jẹ́ kó sùn lóru. Mo ní abẹ́ ìrọ̀rí tèmi ni fóònù yẹn ń sùn, kí wọ́n wá àwíjàre mìíràn. Ẹnu mi mú, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló wá le jù. Aládùúrà ni wá, ilé ìsìn wa ò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East. Bí orin bá ti dùn, tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á sì rọra wó lulẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣubú lásìkò orin, Ẹ̀mí ló gbé e. Wọ́n á yí i ká, wọ́n á máa lu agogo, akọ̀wé á mú bírò láti kọ ìran sílẹ̀, á gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi ní, “Dòdò yẹn ń jóná.” Kí ìsìn tó parí, wọ́n ti kéde pé kí gbogbo ẹni tó kọ́lé sí Nàìjíríà gbàdúrà lórí iná.

Wòlíì wá pè mí. Ó ní ọmọ náà ti di aríran, kó wá gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn sì dá orin Ìkórè àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fún un. Ọmọ mi sunkún títí a fi dé ilé wa ní Barking Riverside. “Mọ́mì, orin yẹn nìkan ni mo fẹ́.”

Ọsibítù ló tú u fún wa. Dókítà ní àìsàn oorun ni, pé bí inú rẹ̀ bá dùn gan-an ni ara rẹ̀ máa ń tú. Mo ní ṣé kí n wá máa bà á nínú jẹ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó lo oògùn, kó máa sun oorun díẹ̀ lọ́sàn-án, kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sì mọ̀. Ó dùn mí gan-an. Nínú gbogbo ohun tó lè wó ọmọ lulẹ̀, ayọ̀ ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ti dìde láti lọ bá àwọn àgbà jà. Ó di aṣọ mi mú. “Mọ́mì, ẹ jókòó. Èmi ni mo ń ṣubú.”

Ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀, ó fi Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kì í ṣe Ẹ̀mí, àìsàn oorun ni. Bí mo bá ṣubú, ẹ má lu agogo sí mi létí. Ẹ fi nǹkan sábẹ́ orí mi, kí ẹ dúró dè mí.”

Wòlíì ní, “Dòdò ọjọ́sí ńkọ́?”

“Mo ti sùn lọ nígbà yẹn, sà. Ebi ń pa mí.”

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó ń bu ètè jẹ kó má baà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wòlíì ní kó lọ múra orin rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ó kọ́kọ́ sùn lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo jí i, ó bọ́ síwájú. Ní ẹsẹ kejì, àwọn akọrin gbe orin náà dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Mo ti dé àárín ọ̀nà kí n tó rí i pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan agogo. Wòlíì tú ọ̀já ìbàdí rẹ̀, ó ká a, ó fi sábẹ́ orí ọmọ mi. Àwọn akọrin rọ ohùn wálẹ̀, wọ́n ń kọ ègbè kan náà lákọtúnkọ, wọ́n ń dúró dè é.

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ náà níbi tó fi í sí. Mo yíjú sí ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, “Ọmọ mi nìyẹn,” bí ẹni pé láti ọjọ́ yìí kò mọ̀.