Ọjọ́ Orí Tíṣà

Bíríkìlà ni mí. Èmi ni mo da sìmẹ́ńtì sórí sàréè àbúrò mi. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é.

Tíṣà la máa ń pè é. Bó bá ti ilé ìwé dé, á tò wá jókòó níwájú ògiri, á máa fi èédú kọ a, bí, dí síbẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Ìyókù tí mo mọ̀, òun ló kọ́ mi.

Ìwé mẹ́fà ni tiẹ̀ ti tán. Oníṣòwò pákó kan ń wá ìyàwó kejì. Àwọn èèyàn ẹ̀ béèrè ọjọ́ orí ọmọ. Bàbá ní, "Méjìdínlógún." Mẹ́rìnlá lèmi mọ̀. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò mọ ìṣirò!" Ẹnì kankan ò bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní á máa kàwé lọ nílé ọkọ. Nígbà tó béèrè, ọkọ ẹ̀ ní, "Tíṣà, ìkòkò kì í kàwé."

Irọ́ náà bá a dàgbà. Ọdún méjì kọjá, ó di ogún. Ó ti rọbí fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ mi, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Ó wojú ọkọ ẹ̀. "Ogún, mà." Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Ìbàdí ọmọdé rèé."

Mo wà níbẹ̀. Mi ò la ẹnu.

Òun àtọmọ inú ẹ̀ ni wọ́n jọ lọ.

Mo ti fi ìṣó kọ orúkọ ẹ̀ sára sìmẹ́ńtì. Ó ku ọjọ́ orí. Bàbá dúró lẹ́yìn mi.

"Kọ ogún ọdún."

"Bàbá, èmi gan-an lọmọ ogún ọdún. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Ṣé ìbejì ni wá ni?"

"Má bá mi fa ọ̀rọ̀. Ohun tá a sọ fáráyé nìyẹn."

Mo kọ mẹ́rìndínlógún. Mo na ṣíbí tí mo fi ń rẹ́lé sí i.

"Kò tíì gbẹ. Ẹ fọwọ́ ara yín pa á rẹ́."

Ó gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì pa á rẹ́ lóòótọ́. Ìgbà náà ló sọ̀rọ̀, kò wojú mi:

"Kò tíì pé mẹ́rìndínlógún. Ó ku oṣù méjì."

Ó dúró tì mí títí mo fi kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tán.